Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ọmọ tí Ẹ Pààrọ̀ Láìsọ Ìdí Rẹ̀ fún Mi

Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Sí Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn onígbọ̀wọ́,
Ọ́fíìsì yín ní Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ohun tí ẹ ṣe dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó lè dá mi lóhùn ka ìwé yìí tán.

Láti ìgbà tí ọmọbìnrin tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ nítòsí Tamale, lápá àríwá Gánà, ti wà ní kíláàsì kejì ni mo ti ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, nípasẹ̀ ètò ìgbọ̀wọ́ ọmọ yín, láti bá yín tọ́ ọ. Lóṣù tó kọjá, mo ṣí ímeèlì yín, mo bá fọ́tò ọmọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí. Ẹ ní kí n kí ọmọ mi tuntun káàbọ̀. Nípa ti ọmọbìnrin náà, gbólóhùn kan péré lẹ kọ: kò sí nínú ètò mọ́. Ṣé wọ́n kó kúrò níbẹ̀ ni? Ṣé ara rẹ̀ ni kò yá? Ẹ ò sọ. Mo pe ọ́fíìsì yín, ẹni tó gbé fóònù ní òun yóò wádìí, òun yóò sì pè mí padà. N kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọmọkùnrin yẹn kò ṣẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ọjà tó tán lórí àtẹ tí ẹ ó fi òmíràn rọ́pò.

Lẹ́tà ọmọbìnrin náà tó dé kẹ́yìn ló jẹ́ kí àyà mi máa já. Ó fi bírò pupa ya àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ ìwé, ó wá kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sáàárín. Ó ní ìyá òun ń ṣa èso òrí nínú igbó, pé òjò pẹ́ kó tó rọ̀, àgbàdo wọn kò sì ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ti lọ ṣe alábàárù ní Kumasi, ó sì ti ra fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí jù mí lọ. Kayayei ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún: àwọn ọmọbìnrin láti àríwá tí wọ́n ń fi abọ́ irin ńlá ru ẹrù onẹ́rù lọ́jà Kumasi àti Accra, tí ọ̀pọ̀ wọn ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù lóru. Ọmọdé wà nínú wọn. Kíá ni mo fèsì, mo sì bẹ̀bẹ̀ nínú lẹ́tà náà pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ tó wà níbẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí èyí àbúrò má baà tẹ̀ lé e. Lẹ́tà wa kì í lọ tààrà sọ́wọ́ ọmọ. Ọ́fíìsì yín ló ń kọ́kọ́ kà á. Ẹnì kan nínú yín ka ohun tí mo kọ. Kí lẹni náà ṣe sí i?

Èmi ni mo ní kí ẹ wá ọmọ fún mi ní Gánà. Tamale ni bàbá mi ti ṣòwò, bíi ti ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò bá níwèé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, obìnrin ẹ̀yà Dagomba kan, aládùúgbò wa, ló bá ìyá mi pọn ọmọ ọwọ́ dé ìdí ọkọ̀. Èmi ni ọmọ ọwọ́ yẹn.

Owó kọ́ ni mò ń jà fún. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, tí iye tí à ń san fún yín ń bá dọ́là gòkè, mo yọwọ́ nínú aṣọ ẹgbẹ́ kí n lè máa san án. Ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà lọ́tọ̀ ni kí ẹ ṣàlàyé fún mi, nítorí rìsíìtì yín wà lọ́wọ́ mi, n kò sì gbọ́ pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń kọ ohun tí wọ́n fi rà: bàtà iléèwé nígbà kan, ewúrẹ́ nígbà mìíràn.

Èmi náà ni mo dìde nípàdé àwọn obìnrin ìjọ wa pé kí wọ́n wá dara pọ̀ mọ́ yín. Wọ́n ti ń bi mí léèrè ọmọ mi.

N kò bèèrè àdírẹ́sì wọn. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fún wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá àlàáfíà ló wà, bóyá ó ṣì ń lọ síléèwé, àti ohun tó mú un kúrò nínú ètò. Bó bá ṣì wà ládùúgbò ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìjọ wọn wá a lọ, kí wọ́n sì bá mi fi lẹ́tà kan jíṣẹ́ fún un. Owó oṣù yìí, ẹ lò ó fún ọmọkùnrin yẹn kó má baà jìyà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì kọ orúkọ mi mọ́ tirẹ̀ títí ẹ ó fi dá mi lóhùn. Orúkọ ọmọbìnrin náà àti nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé tí mo fi mọ́ èyí, pẹ̀lú ẹ̀dà rìsíìtì. Ẹ fi èsì yín ránṣẹ́ ní kíkọ, kí ẹni tó kọ ọ́ sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Onígbọ̀wọ́ yín ní Ọ̀fà.