Sí Àbẹ̀kẹ́ mi ní Winnipeg, Canada

Kubwa, Àbújá

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Lẹ́tà ni mo jókòó kọ, torí tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lórí fóònù, wàá fi ẹ̀rín gbé e kọjá, wàá ní bátìrì fóònù rẹ ti fẹ́ kú. Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ ní Sunday yẹn kì í ṣe ohùn tí mo mọ̀ ọ́ mọ́. O ní, “Ó kàn rẹ̀ mí ni.” Lẹ́yìn náà lo múra, o gba ibi iṣẹ́ alẹ́ lọ. Àtìgbà yẹn ni ọkàn mi kò ti balẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Bàbá Táyọ̀ fún ọ. Àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì gbọ́, bá mi pa á mọ́. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kò sóhun tó ń ṣe òun, èmi ni mo fà á láṣọ. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó dákẹ́, ó ní kó jókòó sinmi díẹ̀, ó tún un wọ̀n: 168 lórí 104. Àbẹ̀kẹ́, orí kò fọ́ ọ o! Òòyì kò kọ́ ọ, ó ń jẹun, ó ń lọ sí ọ́fíìsì. Àìsàn yìí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Dókítà ní tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tó sì ń dé 140 lórí 90, ọ̀rọ̀ ti di ti ìtọ́jú nìyẹn. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi àgbo rọ́pò rẹ̀.

Iyọ̀ ló wá di ọ̀rọ̀ ilé wa. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, bíi ṣíbí ìmutíì kan péré, tòun ti èyí tó wà nínú búrẹ́dì àti Mágì. Irú wooro tí wọn kò fi iyọ̀ sí ni mo fi ń se ọbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ááyù, ata ilẹ̀ àti àlùbọ́sà tó pọ̀ dáadáa. Tó bá di ọ̀sán, ìyá Hausa kan máa ń gbé zogale, ewé móríńgà, kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ojú ẹ ló ti máa pò ó: ewé bíbọ̀, kúlíkúlí lílọ̀, àlùbọ́sà, tòmátì, òróró ẹ̀pà díẹ̀. Bàbá Táyọ̀ tó ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni, òun ló ń bèèrè nísinsìnyí pé ṣé ìyá náà ti kọjá.

A tún ń rìn. Kí òòrùn Àbújá tó gbóná la ti ń jáde, a ó rìn títí dé ìtòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Ìṣẹ́jú 150 láàárín ọ̀sẹ̀ ni dókítà sọ, ìrìn kánmọ́kánmọ́ tí èèyàn lè fi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè fi kọrin. A pín in sí 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni màmá tó ń gbé òdìkejì wa, èyí tí ọkọ rẹ̀ kú, tí kì í ṣí fèrèsé mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn wa ló máa ń wà. Àbẹ̀kẹ́, òun ló ń kan géètì wa báyìí tí a bá pẹ́! Ó ti mọ orúkọ gbogbo àwọn mégáàdì tó wà lọ́nà, ìkíni àárọ̀ Hausa rẹ̀, “Ina kwana,” ló máa ń ṣáájú tiwa. N kò rò pé ẹsẹ̀ rírìn nìkan ló ṣe èyí fún un. Kí èèyàn jí kó mọ̀ pé àwọn kan ń retí òun, oògùn ni lójú tèmi.

Ìròyìn tó kù: owó ilé ti gbéra, Táyọ̀ ti wọ yunifásítì ní Ìlọrin, àbúrò mi bí ọkùnrin.

Ìwọ wá ńkọ́? O mọ ohun tó dá Màmá rẹ dùbúlẹ̀, ìwọ lo máa ń yí wọn padà lórí ibùsùn ní Gwarinpa nígbà náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá ìdílé rìn. Iṣẹ́ alẹ́ lò ń ṣe, nílùú tí òòrùn ti ń wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ní December. Ìgbà wo lojú rẹ ń rí ìmọ́lẹ̀? Jọ̀ọ́, tí o bá délé láàárọ̀, fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, gbé fóònù sí pálọ̀, kí o sùn tó wákàtí 7. Ẹni tó bá fẹ́ owó á dúró. Mo ti sọ fún àbúrò rẹ ọkùnrin pé kó má pè ọ́ lásìkò oorun mọ́. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ gan-an rèé. O sọ fún mi nígbà kan pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP wà ní ilé oògùn tó wà nítòsí yín. Lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Má mu kọfí kí o tó lọ, jókòó fún ìṣẹ́jú 5, má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wọ̀n ọ́. Ya fọ́tò rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. N kò fẹ́ kí o kọ “dáadáa ni mo wà,” fọ́tò ni mo fẹ́.

Ní Saturday, tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù níbí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni lọ́dọ̀ yín. Màá pè ọ́, ká jọ rìn fún 30 ìṣẹ́jú, fóònù létí. Tí yìnyín bá pọ̀, máa rìn yípo nínú ilé ìtajà ńlá yẹn. Bàbá Táyọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní kí o mú ọkọ rẹ dání lọ sídìí ẹ̀rọ náà, òun fẹ́ rí tirẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́