Dá Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Padà, Àjọkẹ́

Ọjà Pákó, Bódìjà, Ìbàdàn.

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Màmá rẹ ní kí n kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tá a sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kò jẹ́ kí n sùn. O ní wọ́n fi iṣẹ́ ìwádìí ẹnì kan ránṣẹ́ sí ọ pé kí o yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ ní títẹ̀, àti pé onítọ̀hún ò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà. O ní ó jọ tìrẹ, ìyẹn lo ṣe fi í pamọ́ láti oṣù méjì, kí tìrẹ lè kọ́kọ́ jáde. O sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì.

Ṣé o rántí kókó tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ òsì mi, tó o máa ń fi ìka tẹ̀ nígbà tó o wà ní kékeré? Ẹ̀rún ìrókò ló wọ̀ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, n ò rí i yọ tán. Ìwọ lo padà ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọmọ ogun ara fẹ́ jẹ ẹ́, wọn ò rí i jẹ, ni wọ́n bá fi ẹran líle mọ odi yí i ká. O ní bí ara ṣe ń ṣe sí ohun tí dókítà bá fi sínú ẹ̀ náà nìyẹn, pé iṣẹ́ tìrẹ ni láti wá ohun tí àwọn ọmọ ogun yẹn á gbà láyè. Kò sí káfíńtà tí n ò sọ ọ́ fún ní Bódìjà.

Ojú ọ̀tún tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, awò ike ló wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì lo sọ ìtàn Harold Ridley fún mi, dókítà ojú ní London, tó rí i pé ẹ̀rún ike tó fò wọ ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú nígbà ogun Hítílà kò bí ojú wọn nínú, tó wá fi ike ṣe awò sójú aláìsàn lọ́dún 1949. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta kò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti ta kò ó. Ó mọ àwọn tó ń bá a jà. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ kò mọ nǹkan kan.

Mo mọ bó ṣe ń dùn tó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ́ọ̀mù, mo ya àwòrán àga kan, mo gbé e fún àgbà kan nínú iṣẹ́ pé kó bá mi wò ó. Ó ní kí n fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó di oṣù mẹ́ta. Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo ti rí àga mi, wọ́n ń gbé e lọ fún oníbàárà ẹ̀, tòun ti ọnà tí mo yà sí apá rẹ̀. N ò bá a jà. Ṣùgbọ́n n ò fi iṣẹ́ mi han àgbà kankan mọ́ láti ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ohun tí wọn ì bá fi kọ́ mi ló sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Jọ̀ọ́, Àjọkẹ́, kọ̀wé lónìí sí ọ̀gá tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Sọ fún un pé ohun kan náà lẹ jọ ń lé, kó wá ẹlòmíràn. Tó bá ní kó o ṣì wò ó, kà á dópin, sọ ibi tó ti dáa àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó, má sì mú ìlà kan níbẹ̀. Bí tiẹ̀ bá ṣáájú tìrẹ jáde, kó jáde.

Tó o bá ti fi ránṣẹ́, pè mí, ì báà jẹ́ òru.

Èmi ni bàbá rẹ.