Èmi àti Bàámi Ń Sáré

Kabba,
Ọjọ́ 15, oṣù kẹta.

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Kánádà? Ṣé òtútù yẹn ti ń rọlẹ̀? Ooru ló gbòde ní tiwa. Kajú ti ń pọ́n, àwọn tó ń rà á sì ti gbé ìwọ̀n wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Tí a bá kọjá níbẹ̀ láàárọ̀, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo imú.

Mo ní "tí a bá kọjá" torí èmi àti bàámi ni. À ń múra láti lọ sá eré Okpekpe ní oṣù karùn-ún. O mọ̀ ọ́n, kìlómítà 10 tí wọ́n ti ń sá ní ìpínlẹ̀ Edo láti 2013, tí òkè pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Bàámi ti pé ọdún 62. Kí àyà rẹ má já: ọsibítù la kọ́kọ́ lọ, màámi ló fi dandan lé e. Wọ́n yẹ ìfúnpá wọn wò, wọ́n gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù, kí dókítà tó ní kí a máa lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni o.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ló ń dá wa dúró. "Bàbá, ṣé kò sí o?" Ìyá kan sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ bá wa sá. Mi ò bá a wí. A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé wa, àwọn ènìyàn wa sì ti rí ohun tó ń léni láìpẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, tí a kì í sì í kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú. Bọ́sẹ̀, ó ń dùn mí. Ọ̀nà Ìyàrá tí bàámi ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko ní kékeré, tí èmi àti ìwọ náà rìn, kò ṣe é sá mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan la máa ń yí po. Bàámi á kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò, bí a bá ti yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ju ẹyọ kan sílẹ̀. Bí òkúta bá tán, ó di ilé.

Ọjọ́ Túsìdé, a máa ń sáré gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, lẹ́ẹ̀mẹfà, a ó sì rìn sọ̀ kalẹ̀. Bàámi ní kí n gé ìṣísẹ̀ mi kúrú, kí n má gbójú sókè wo ibi tó kù. Ọjọ́ Sátidé la máa ń sá èyí tó gùn jù, a kì í yára rárá. Èèyàn gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, eré ti pọ̀ jù.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. O mọ bàámi, "ẹ káàárọ̀" àti "ṣé o ti jẹun" ni ọ̀rọ̀ wọn. Ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, wọ́n ṣàdédé ní, "Fúnmi, wọ́n mú mi láti lọ sáré ní Ìlọrin ní 1979." Kwara la wà nígbà náà, Kogi kò tíì wáyé títí di 1991. Àwọn nìkan ni wọ́n mú ní kíláàsì wọn. Àsìkò ebè kíkọ ni, bàbá wọn sì ní kò sí ọmọ tí yóò fi oko sílẹ̀ tìtorí eré sísá. Wọ́n kọ ebè tiwọn, ọkọ̀ sì kó àwọn ìyókù lọ. A yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Mo bi màámi nígbà tí mo délé. Ọdún 35 tí wọ́n ti fẹ́ra, màámi kò gbọ́ ọ rí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò fẹ́ kí ohunkóhun dí wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọkàn mi dàrú nígbà tí iṣan ẹsẹ̀ òsì wọn fà ní oṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi sáré. Màámi ń fi òrí ra á lálaalẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ń bá mi lọ sí pápá, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa bá mi ju òkúta. Ẹsẹ̀ náà ti san báyìí.

Nọ́ọ̀sì ní bàtà wọn ló fà á. Òkìríkà ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ti wá ọjà, mi ò rí èyí tó bá wọn mu. Jọ̀wọ́, bá mi wo bàtà eré ìje lọ́dọ̀ yín, mo máa fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Bí ẹni tó ń bọ̀ wálé bá wà kí oṣù kẹrin tó parí, fi rán an. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ bàámi ni 44, iwájú rẹ̀ sì fẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Fúnmi