Má yọ àwọn tó mọ́lẹ̀ jù yẹn kúrò

Ọmọ mi àtàtà,

Mo ti ka iṣẹ́ tó o fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, inú mi ń dùn bọ̀ títí mo fi dé ibi tó o ti ní o yọ supernova (ìràwọ̀ tó bú gbàmù) mẹ́ta kúrò torí wọ́n mọ́lẹ̀ jù, wọn ò bá láìnì tó o fà sórí gíráàfù ẹ mu. Jọ̀ọ́, dá wọn padà.

Ṣé o mọ̀ pé ìdí tá a fi ń fi irú supernova tí wọ́n ń pè ní Type Ia wọn ọ̀nà jíjìn ni pé ìmọ́lẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tó bá ṣe bàìbàì ló jìn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ò dá rìn o, àwọn gálásì, ìyẹn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńláńlá, tó wà lọ́nà ń fi agbára òòfà wọn (gravity) tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́ǹsì. Èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́ gálásì ńlá á mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ, a ó wá rò pé ó sún mọ́ wa, èyí tó gba ibi tó ṣófo á ṣe bàìbàì díẹ̀, á dà bíi pé ó jìn sí i. Ibi tó ṣófo ló sì pọ̀ jù, torí náà ọ̀pọ̀ wọn ló ń pàdánù díẹ̀díẹ̀, àwọn kéréje ló ń jèrè, èrè wọn sì máa ń pọ̀. Tó o bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó di ọgbọọgba. Ìwọ wá yọ àwọn tó jèrè, àwọn tó pàdánù nìkan ló kù sí ẹ lọ́wọ́, wàá wá sọ pé bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ ń yára sí i ju bó ṣe rí lọ!

Wọ́n rí ọ̀kan lọ́dún 2010, PS1-10afx, ó mọ́lẹ̀ débi táwọn kan fi ní irú tuntun ni, àṣé gálásì kan ló wà níwájú ẹ̀ tó sọ ọ́ di ìlọ́po 30. Irú ìyẹn ṣọ̀wọ́n ṣá. Ní redshift 1 (redshift ni ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe nà tó torí pé àgbáálá ayé ń fẹ̀, bó bá ṣe pọ̀ tó ni nǹkan ṣe jìn tó), nǹkan bíi 5% ni ìmọ́lẹ̀ máa ń yí sókè sódò, àwọn kan á ní kò tó nǹkan torí supernova fúnra ẹ̀ ń yàtọ̀ jùyẹn lọ, èmi ò gbà, pàápàá tí data ò bá pọ̀ bíi tìẹ.

Nǹkan míì, tó o bá fẹ́ ṣe àròpín, flux (bí ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ṣe pọ̀ tó) ni kó o lò, má lo magnitude, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò, log (logarithm) nìyẹn, kò ní jẹ́ kó dọ́gba.

Wá fọ́tò ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, wò ó bóyá gálásì wà níwájú wọn. Ó lè jẹ́ àṣìṣe ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó o rí ìdí ẹ̀ kó o tó yọ ọ́. Ìyá ẹ ń kí ẹ, ó ní kí n má fi lẹ́tà gígùn dá ẹ lágara, ó ti pẹ́ jù.

Èmi ni,
Bàbá ẹ