Àdùnní, fọkàn balẹ̀ lórí oògùn yẹn

Ìbàdàn

Àdùnní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Tóbi, mo kí Tóbi náà. Inú mi dùn dé ìdí pé oyún ti dúró, lẹ́yìn gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti ń wojú Olúwa. Ibi tó o ti kọ ọ́ pé o ti fi ọwọ́ ara rẹ ba ọmọ jẹ́, torí pé o lo atorvastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, kó o tó mọ̀ pé o lóyún, ni ò jẹ́ kí n lè sùn. Jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

O mọ̀ pé iṣẹ́ oògùn ni mò ń ṣe, mo mọ ìwé pélébé tó wà nínú páálí atorvastatin yẹn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé aboyún ò gbọdọ̀ lo oògùn statin, ìyẹn irú oògùn tí atorvastatin jẹ́, rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa ń sá fún yìí, wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ ara ọmọ nínú oyún, títí kan ọpọlọ rẹ̀. Òun náà ni ibi ọmọ fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó ń gbé oyún ró. Wọ́n wá ń bẹ̀rù pé oògùn tí kì í jẹ́ kí ara ṣe ọ̀rá náà dáadáa á ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n wọ́n ti wádìí rẹ̀. Ní 2015, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìwádìí kan jáde lórí oyún tó lé ní 880,000 ní Amẹ́ríkà níbẹ̀. Obìnrin 1,152 nínú wọn ló lo statin láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ó jọ pé àléébù pọ̀ lára ọmọ tiwọn. Ìgbà tí wọ́n ro àìsàn àwọn ìyá náà mọ́ ọn, pàápàá ìtọ̀ ṣúgà, ìyàtọ̀ yẹn ò tó nǹkan mọ́. Ní oṣù Keje 2021, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ tó le jù yẹn kúrò, wọ́n sì sọ pé kò jọ pé èyí tí obìnrin lò kó tó mọ̀ pé òun lóyún á pa oyún lára. Nítorí náà, ẹni tó ní kó o lọ ro ó bóyá kó o ṣẹ́ ẹ yẹn, má dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Àmọ́ má padà sórí oògùn náà fúnra rẹ. FDA kan náà ṣì ní kí ọ̀pọ̀ aboyún dá a dúró, torí ọdún gbọọrọ ni ọ̀rá fi ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀, oṣù mélòó kan kò ní í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Àwọn tí àrùn ọkàn ti mú, tàbí tí wọ́n bí irú ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó ga gan-an mọ́, ni dókítà lè ní kí wọ́n máa lò ó lọ. Mo rántí bí bàbá yín ṣe ṣubú lójijì. Sọ ọ́ fún dókítà, sọ ọjọ́ orí wọn, má fi pamọ́. Bí wọ́n bá sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò tí ọ̀rá náà ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, má bẹ̀rù, bó ṣe máa ń ga nínú oyún nìyẹn. Bó o bá bímọ tán, bèèrè kó o tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, torí wọn kì í fẹ́ kí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lò ó.

Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ fún àgúnmu tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má lò ó. A mọ ohun tó wà nínú atorvastatin. Ta ló mọ ti àgúnmu?

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ mí lóminú. O ò sọ orúkọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ò ń lò fún mi. Bó bá jẹ́ lisinopril, tàbí èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí "pril" tàbí "sartan", ìyẹn gan-an léwu fún oyún ju statin lọ. Má dúró dọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ, pe dókítà lónìí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, kó o sì fi orúkọ tuntun ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Bùkọ́lá