Ààrò kan ṣoṣo là ń bẹ̀bẹ̀ fún

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Láti ọdún 1994 ni mo ti ń sè ọṣẹ dúdú lẹ́bàá Ìdànrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí síta.

Nínú pódì kòkó kan, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ló jẹ́ èèpo. Àgbẹ̀ á fọ́ kòkó tán, á kó hóró lọ, èèpo á máa jẹrà sóko, á sì máa fi àrùn tó ń sọ pódì di dúdú pamọ́ de ọdún tó ń bọ̀. Àwa ọlọ́ṣẹ la máa ń lọ ṣà á. A ó sá a, a ó jó o, a ó da eérú rẹ̀ sínú ajere, a ó máa rọmi lé e lórí. Omi tó ń kán nísàlẹ̀, bó bá ń yọ̀ láàárín ìka bí ilá, tó sì ta mí lórí ahọ́n, mo mọ̀ pé àdín máa gbà á.

Iná ló ń dà wá láàmú. Lóṣù kẹwàá tó kọjá, òjò kò jẹ́ kí èèpo gbẹ dáadáa, mo sì jó o bẹ́ẹ̀. Òkè òkìtì funfun, àmọ́ nígbà tí mo figi rú àárín rẹ̀, èédú ló kúnbẹ̀. Mo gbójú fò ó. Odindi kẹ́ẹ̀gì àdín kan ni mo dà sínú ìkòkò lórí iná lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ṣú, epo ṣì léfòó sórí omi, kò dọ́ṣẹ. Ọkọ mi ní kí n lọ ra kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tí àwọn míì fi ń rọ́pò omi eérú. Kọ́sítíìkì kẹ̀! Ọṣẹ tó máa le gbagidi bí òkúta?

Ọmọ mi tó ka kẹ́mísírì ló sọ fún mi pé èròjà kan tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù nínú eérú ló ń mú ọṣẹ wa rọ̀. Ó ní lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀, gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n fi eérú èèpo kòkó ṣe kátálíìsì, òun ló bá wọn sọ epo dóńgóyárò àti mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tí a kì í mu, di epo tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè jó. Alárinà ni kátálíìsì: ó mú ọkọ pàdé ìyàwó, ó bá tirẹ̀ lọ, wọ́n sì tún lè rán an síbòmíì. Nínú ìkòkò tèmi, omi eérú kì í padà sílé, òun náà a máa di ọṣẹ.

Ohun tí àwọn olùwádìí náà ní tí n kò ní ni ààrò onílẹ̀kùn tí wọ́n ń wọn ìgbóná rẹ̀. Irú rẹ̀ là ń fẹ́, kódà kó jẹ́ bíríkì lásán, pẹ̀lú òrùlé tí a ó máa sá èèpo sí lábẹ́, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ra kòkó. A ó máa sanwó eérú lápò lápò, kí àgbẹ̀ náà rí nǹkan gbà lórí èèpo rẹ̀. Nígbà tí ìbò ń bọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ni àwọn olóṣèlú wá pín fún wa. N kò mọ aṣọ rán o.

Ẹni tó bá fẹ́ rí eérú méjèèjì, dúdú àti funfun, mo ti dì wọ́n sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sílé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Bọ́sẹ̀ Ọlọ́ṣẹ,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.