Ojú Tó Là Sílẹ̀ Nígbà Àdúrà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń wá bá mi pé ìyá kan wà láàárín wa tí kì í dijú gbàdúrà. Ẹnìkan tilẹ̀ pe ojú náà ní ojú àjẹ́. Èmi náà wò wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi kan: ojú ọ̀tún dì, ti òsì là sílẹ̀, omi ń ti ibẹ̀ ṣàn wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo dákẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mo sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá.

Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́: ẹ̀tẹ̀ ló ṣe wọ́n nígbà kan. Wọ́n lo oògùn rẹ̀ parí, ó ti san, kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kí oògùn tó dé, àrùn náà ti ba iṣan tó ń mú ìpéǹpéjú pa dé jẹ́, àti èyí tó ń jẹ́ kí ẹyinjú mọ ìrora. Ẹja ni ìyá ń yan tà ní ọjà Olúwo. Eérú á bà lé wọn lẹ́yinjú, wọn ò ní mọ̀. Àwa yòókù á ti ṣẹ́jú, a ó ti nù ún kúrò. Ibẹ̀ ni egbò ti ń wọlé, egbò yìí ló sì ń sọni di afọ́jú.

Bí ojú bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ láti dì, tí kò tíì ju oṣù 6 lọ, dókítà lè fún ẹni náà ní prednisolone, oògùn tó ń mú kí iṣan tó wú rọlẹ̀. Bó bá ti pẹ́, iṣẹ́ abẹ wà. Awò dúdú lọ́sàn-án, aṣọ mímọ́ lójú lóru, kí a sì wo dígí láràárọ̀. Ojú tó bá pọ́n, tó ń dùn, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ra oògùn kán sí i.

Ẹni tí ibì kan bá ṣí láwọ̀ lára rẹ̀, tí a fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Oṣù 6 tàbí 12 ni oògùn ẹ̀tẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nínú Máàkù orí kìíní, Jésù ti fọwọ́ kan adẹ́tẹ̀ náà kó tó sọ pé kó di mímọ́. Ara tó ṣì ní àrùn ló fọwọ́ kàn. Ti ìyá wa ti san, a ò sì fẹ́ jókòó tì wọ́n!

Lọ́jọ́rú, èmi àti ọmọ wọn yóò sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ojú. Aago 6 àárọ̀ la ó kúrò ní Ẹ̀pẹ́. Ààyè méjì ṣì wà nínú ọkọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ.

Olùṣọ́-àgùntàn yín